Ilé amọ̀ bàbá-bàbá mi ní abà: kí n wó o ni, àbí kí n máa tọ́jú ẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Ọmọ_Abà (4 oṣù Kejì)

Ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ ilé ló gbé mi wá.

Bàbá-bàbá mi kọ́ ilé kan sí abà wa lẹ́yìn Àkànrán, ní Ọ̀nà-Arà, Ìbàdàn. Yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, amọ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè, páànù lórí. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá mi máa ń sọ pé nígbà tí ìjà Àgbẹ́kọ̀yà bẹ́ sílẹ̀ ní 1968, inú àjà ilé yẹn lòun sá sí.

Gbogbo wọn ti lọ. Èmi nìkan ló kù tó ń dé ibẹ̀. Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àmọ́ tó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti gba Ìbàdàn lọ nìyẹn. N kì í lọ roko o. Mo kàn ń lọ jókòó ni. Kò sí iná, nẹ́tíwọ́kì ò sí àyàfi téèyàn bá gun àpáta tó wà lẹ́yìn ilé, àkùkọ ló ń jí mi. Tí mo bá sùn níbẹ̀ lálẹ́ méjì, ara mi á fúyẹ́ títí di ọjọ́ Ajé, kí gósílóò tó gbà á padà lọ́wọ́ mi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ rèé. Ẹsẹ̀ ògiri lápá ìwọ̀-oòrùn ti jẹ wọnú. Mo ki ọwọ́ bọ ibẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, ó wọlé dé ọrùn ọwọ́. Férémù ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá fìka tẹ̀ ẹ́, ó ń wọlé bíi búrẹ́dì tó ti rẹ sómi: ikán ti jẹ inú ẹ̀ tán, ọ̀dà tó wà lára ẹ̀ nìkan ló dúró. Lọ́dún tó kọjá mo gbé bíríkìlà kan lọ, ó fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri iwájú. Ó dán títí. Kí òjò tó dáwọ́ dúró, ó ti ń ṣí láwẹ́láwẹ́ bí èèpo ẹyin.

Àbúrò mi ní kí n wó o, kí n fi búlọ́ọ̀kù mọ yàrá méjì síbẹ̀. Ọkàn mi ò gbà á. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bíríkìlà_Mọ́níyà

Ọ̀gá, ẹ wó o. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Mo ti lé lógún ọdún nídìí iṣẹ́ yìí, kò sí ilé amọ̀ tí mo tún ṣe tí wọn ò padà pè mí. Owó tẹ́ ẹ fẹ́ máa fi lẹ̀ ẹ́ lọ́dọọdún, láàárín ọdún mẹ́rin ó ti tó ilé tuntun. Búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́sàn-án, páànù alumíníọ́ọ̀mù tó nípọn, ó parí. Ikán ò ní rí nǹkan jẹ.

Ìyá_Ìbejì_Ifẹ̀

Bíríkìlà, ẹ má bínú sí mi o, iṣẹ́ yín lẹ fi dá a lóhùn. Bí wọ́n bá ní kí alápatà wá wo màlúù tó ń ṣàìsàn, kí lẹ rò pé á sọ?

Ọmọ_Abà, ilé amọ̀ tiwa wà ní abà kan lápá Ìfẹ̀, ọdún kẹsàn-án tí èmi àti bàbá Ìbejì ti ń tọ́jú ẹ̀ rèé. Ohun tí wọ́n ṣe fún yín lọ́dún tó kọjá náà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún wa. Sìmẹ́ńtì ló ń pa ilé yẹn, kì í ṣe ọjọ́ orí.

Ẹ wò ó báyìí. Amọ̀ máa ń fa omi mu láti ilẹ̀, ó sì máa ń tú u sílẹ̀ padà tí oòrùn bá là. Tẹ́ ẹ bá ti fi sìmẹ́ńtì bo ojú ẹ̀, omi yẹn ò ríbi gbà jáde mọ́. Á dúró sáàárín méjèèjì, amọ̀ á máa rọ̀ níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ rí i, títí sìmẹ́ńtì á fi yà sọ́tọ̀. Tí òjò bá rọ̀, amọ̀ á wú. Tí ọyẹ́ bá mú, á sún kì. Sìmẹ́ńtì ò mọ ìyẹn, gbọingbọin ló dúró. Méjèèjì ò lè gbé pọ̀. Bẹ́ ẹ bá kanlẹ̀ lu ògiri iwájú yẹn, ẹ ó gbọ́ pé ó ń dún gbò-gbò. Inú ẹ̀ ti ṣófo.

Ẹ ha gbogbo ẹ̀ kúrò. Ẹ má jẹ́ kó ku ibì kan. Lẹ́yìn náà ẹ wá ibi tí wọ́n ti wa amọ̀ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé náà. Kòtò ẹ̀ máa ń wà nítòsí, bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ti ń da ilẹ̀ báyìí. Amọ̀ kan náà ni kẹ́ ẹ lò. Tí ògán bá wà lóko, ẹ fi díẹ̀ nínú amọ̀ ẹ̀ kún un, ó máa ń le dáadáa. Ẹ gé koríko gbígbẹ wẹ́wẹ́ sí i, ẹ fẹsẹ̀ pò ó, ẹ bò ó, kẹ́ ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹni tó bá pò ó láàárọ̀ tó ń mọ ọ́n nírọ̀lẹ́, ẹ̀kọ́ ló ń sẹ́.

Ibi tó jẹ wọnú yẹn, ẹ gbẹ́ ẹ títí ẹ ó fi kan amọ̀ tó le. Ẹ fi omi tutù ú. Ẹ wá máa ki amọ̀ tuntun bọ̀ ọ́ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó fi òmíràn lé e. Tó bá gbẹ tán pátápátá, ìgbà yẹn lẹ máa rẹ́ ẹ: amọ̀ tí ẹ fi ajere yọ òkúta inú ẹ̀, iyanrìn, àti ẹlẹ́bọ́tọ. Ẹ má yínmú o, tó bá ti gbẹ kì í rùn. Lókè Ọya, àwọn Hausa máa ń se èèpo èso igi irúgbá, wọ́n á fi omi ẹ̀ po ìrẹ́ ògiri kí òjò má baà tètè wọ̀ ọ́. Mo ti dán an wò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná wa, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó máa ń sọ ògiri di pupa rúsúrúsú.

Àmọ́ gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ yìí, asán ni tí òrùlé yín ò bá yọ síta tó. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló fi yọ kọjá ògiri? Omi tó ń já láti etí páànù tó ń ta padà sára ògiri, òun ló jẹ ẹ́, kì í ṣe òjò tó ń bọ̀ látòkè.

Ọmọ_Abà

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Mo pe bàbá tó ń bá wa ṣọ́ ilé, mo ní kí wọ́n fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n. Lápá ìlà-oòrùn, ó tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Lápá ìwọ̀-oòrùn tó jẹ wọnú yẹn, ẹsẹ̀ bàtà kan péré. Ìjì ti ṣí etí ẹ̀ nígbà kan, ẹni tó tún un kàn gé e kúrú.

Ìyá_Ìbejì_Ifẹ̀

Ẹ rí ọ̀tá yín.

Ọ̀gá_Pákó

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sí ọ̀rọ̀ ikán, iṣẹ́ tèmi nìyẹn.

Ikán ò kórìíra ilé yín, oúnjẹ ló ń wá. Férémù tẹ́ ẹ sọ yẹn, mo lè fi orí mi ta pé àfàrà ni wọ́n fi ṣe é, bóyá nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe lẹ́yìn tí bàbá kú. Àfàrà, àrẹ̀rẹ̀, àràbà: àkàrà lásán ni fún ikán. Igi tí wọ́n ń lò láyé àwọn bàbá wa ni ìrókò, àpá, ayán, ọ̀pẹpẹ. Ìtì agbọ̀n olódù náà, ìyẹn ọ̀pẹ gíga tó ń so èso ràbàtà, tẹ́ ẹ bá lè rí èyí tó ti dàgbà dáadáa, wọ́n máa ń là á fi ṣe àjà, ikán ò lè ṣe é nǹkan kan. Ẹ lọ wo àjà ilé yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tí àwọn èèyàn kì í mọ̀: bó tiẹ̀ jẹ́ ìrókò lẹ rà, ibi funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo igi, ikán ń jẹ ẹ́. Àárín igi, ibi tó pọ́n tó sì dúdú, nìkan ni wọn ò lè jẹ. Àwọn tó ń ta pákó mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi ibi funfun yẹn sábẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń kó o fún yín. Ẹ yí pákó kọ̀ọ̀kan wò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ gbé e sókè pẹ̀lú. Tó bá fúyẹ́ lọ́wọ́ yín ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, ẹ dá a padà.

Ọparun ńkọ́? Ó dáa fún ọgbà àti àtíbàbà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ gé e, ẹ rì í sínú odò fún ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta kí adùn inú ẹ̀ jáde. Adùn yẹn ni kòkòrò tó ń sọ ọ́ di lẹ́búlẹ́bú ń wá.

Ẹ má kó igi ìdáná ti ògiri. Mo máa ń sọ ọ́, wọn kì í gbọ́. Ẹ̀yìn igi ìdáná ni ikán máa ń gbà gun ògiri, ẹ ò ní rí ojú ọ̀nà amọ̀ wọn títí wọ́n á fi dé àjà. Ní oṣooṣù, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì, ẹ wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ẹ wo orígun yàrá. Tẹ́ ẹ bá rí ìlà amọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn bàtà, ẹ ya á. Tẹ́ ẹ bá padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, wọ́n wà níbẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan máa ń fi kọ́ńdẹ́mù ọ́ìlì kun ẹsẹ̀ òpó. Ó ń ṣiṣẹ́ díẹ̀, àmọ́ tí kànga yín bá wà nítòsí, ẹ má dán an wò. Ẹ ra oògùn igi gidi, ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì kun orí ibi tí ayùn ti gé e jùlọ, torí ibẹ̀ ni omi ń gbà wọlé.

Aláwàdà_Bódìjà

Ẹ jẹ́ kó yé mi. Èèyàn sá kúrò ní Èkó torí wàhálà. Ó dé Àkànrán, ó ń fẹsẹ̀ po amọ̀, ó ń yí pákó wò, ó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ikán lóru. Ó wá pè é ní ìsinmi. Ẹ̀yin ará, hòtẹ́ẹ̀lì ò ṣe yín níbi tó dáa?

Ọmọ_Abà

@Aláwàdà_Bódìjà, n ò tíì sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì rí kí n má fóònù ọ́fíìsì láàárín òru. Lábà, mo ń po amọ̀ títí ẹsẹ̀ á fi ro mí, màá wẹ̀, màá jẹ àmàlà, màá sùn láìlálàá. Ẹ wá wò ó.

Adé_inú_yìnyín

Minnesota ni mo wà, ní Amẹ́ríkà. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín, torí pé tiwa náà rèé lọ́nà míì. Lára nọ́ńbà ọkọ̀ níbí ni wọ́n ti ń kọ ọ́ pé ilẹ̀ adágún 10,000 ni ìpínlẹ̀ wọn. Àṣà wọn ni pé tó bá di ìgbà ooru, kálukú á gba ahéré rẹ̀ lọ lẹ́bàá adágún. Èmi àti ìyàwó mi ra ọ̀kan lápá àríwá: ilé pákó, yàrá méjì, ààrò irin kan láàárín tí wọ́n ń fi igi dá iná sí.

Ẹ̀yin ń bá òjò jà, èmi ń bá òtútù jà. Níbí, ó lè lọ sílẹ̀ dé 30 ní ìsàlẹ̀ òdo. Omi tó bá dì, ó ń fẹ̀ ní ìwọ̀n mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì sí páìpù tó lè gbà á mọ́ra. Torí náà, kó tó di òpin oṣù Kẹwàá, a gbọ́dọ̀ pa ẹ̀rọ omi, ká ṣí gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, ká da omi inú táǹkì nù, ká fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ìyókù jáde, ká sì da oògùn pupa kan tí kì í dì sínú ihò báfù àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún tá a kọ́kọ́ rà á, mo rò pé mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ páìpù kan báyìí lábẹ́ síǹkì ìdáná, ife omi kan péré ló kù sínú ẹ̀. Ó bẹ́. Mo dé ní oṣù Kẹrin, mo tan omi láìmọ̀, mo jáde lọ já ẹrù nínú ọkọ̀. Kí n tó wọlé padà, ilẹ̀ pákó ti rẹ. Ó wú sókè bí àkàrà. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé, wákàtí mẹ́rin lójú ọ̀nà.

Eku náà ń bẹ o. Kékeré ni wọ́n, ihò tí ìka yín lè wọ̀, wọ́n á gbà á. Mo fi irin wúruwùru tí a fi ń fọ ìkòkò dí gbogbo ẹ̀, wọn ò lè jẹ ìyẹn.

Ọ̀pá èéfín: lọ́dọọdún ni kí wọ́n máa nu inú ẹ̀. Tí igi ò bá gbẹ dáadáa, èéfín ẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ inú ọ̀pá bí ọ̀dà, ọjọ́ tó bá gbaná, ilé lọ nìyẹn. Igi tí mo bá là lónìí, ọdún tó ń bọ̀ ni mo tó dáná ẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí Ọmọ_Abà mú níbẹ̀ ni ti èéfín tí kì í rùn. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri wa tó máa ń ké tí gáàsì olóró bá ti pọ̀ nínú yàrá. Mo mọ ìdílé méjì ní Nàìjíríà tí jẹnẹrétọ̀ pa mọ́jú. Tẹ́ ẹ bá máa gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí abà, kó má wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, òjò ìbáà máa rọ̀. Kó jìnnà sí fèrèsé pátápátá.

Ẹlẹ́ńjìnnì_Alákíà

Kí ló dé tó fi máa gbé jẹnẹrétọ̀ lọ rárá? Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Gílóòbù mẹ́rin oníwọ́ọ̀tì 5, wákàtí márùn-ún lálẹ́: wọ́ọ̀tì-wákàtí 100 (wọ́ọ̀tì lọ́nà wákàtí). Fáànù kékeré tó ń lo bátìrì, wọ́ọ̀tì 25, wákàtí mẹ́jọ: 200. Fóònù méjì: bíi 30. Àpapọ̀ 330. Bátìrì 12 fóólìtì tó jẹ́ 100 ampia-wákàtí, wọ́ọ̀tì-wákàtí 1,200 ló gbà, àmọ́ tó bá jẹ́ olómi tàbí jẹ́ẹ̀lì, ẹ má lò kọjá ìdajì, tí ẹ ò bá fẹ́ kó tètè kú. Ìdajì jẹ́ 600. Ó tó, ó ṣẹ́ kù. Páànẹ́ẹ̀lì oníwọ́ọ̀tì 200 kan ṣoṣo máa gba gbogbo ẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì, kódà tí ojú ọjọ́ bá ṣú díẹ̀. Ẹ má kàn án mọ́ páànù pẹrẹsẹ o, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gba abẹ́ ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì ti ń lọ, ẹ tú u sọ̀ kalẹ̀, ẹ tì í mọ́ yàrá, torí àwọn kan máa bá yín lò ó.

Omi ńkọ́? Ṣé ẹ ní kànga?

Ọmọ_Abà

A ní, àmọ́ ó máa ń gbẹ láti oṣù Kejì. Odò la ń lọ.

Ẹlẹ́ńjìnnì_Alákíà

Ìgbà òjò ni wọ́n gbẹ́ ẹ nìyẹn. Wọ́n kan omi ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n yọ̀, wọ́n dáwọ́ dúró. Òpin ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbẹ́ kànga, ní oṣù Kẹta, nígbà tí omi bá ti lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Èyí tí ẹ bá kàn nígbà yẹn, kò ní dà yín. Àsìkò yìí gan-an ló yẹ kẹ́ ẹ pe agbẹ́kànga kó lọ bá yín fi kún un, kó sì ki ríìngì kọnkéré bọ̀ ọ́. Ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà sí i tó 30 mítà, kó sì wà nísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kì í ṣe lókè.

Omi òjò sì wà. Mílímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà kan ni. Òrùlé yín lè tó 80 irú mítà bẹ́ẹ̀. Òjò Ìbàdàn lọ́dún kan máa ń tó bí 1,200 mílímítà. Ẹ fi ìkan sọ ìkan di púpọ̀, omi tó ń dà nù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yín lọ́dọọdún, bíi 96,000 lítà ni, òun náà ló ń jẹ ẹsẹ̀ ògiri. Gọ́tà àti dúrọ́ọ̀mù máa tán ìṣòro méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Òjò àkọ́rọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku ló máa ń fọ̀.

Ọmọ_Mọ́gàjí

Gbogbo yín ti sọ̀rọ̀ amọ̀ tán. Ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun tí kò sẹ́ni tó béèrè. Ilé ta ni?

Ọmọ_Abà, ẹ ní bàbá-bàbá yín ló kọ́ ọ. Ìyàwó mélòó ni wọ́n fẹ́? Ọmọ mélòó ni wọ́n bí? Tí bàbá ò bá kọ ìwé ìpíngún sílẹ̀, ilé yẹn ti di ilé ẹbí, gbogbo ọmọ ló ni ín. Bẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di wúrà, ilé ẹbí náà ló máa jẹ́. Owó tẹ́ ẹ ná sí i kò sọ ọ́ di tiyín lójú òfin. Mo ti rí ẹni tó kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ ẹbí, àwọn ọmọ ìyá kejì wá kó ẹrù wọnú ẹ̀, kóòtù ò sì lé wọn jáde.

Kẹ́ ẹ tó ra pákó kan, ẹ pe ìpàdé ẹbí. Ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan, ìyẹn àwọn ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe orí-ò-jorí torí ìyẹn á pọ̀ jù, àti olórí ẹbí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹ̀, kí wọ́n fọwọ́ sí i.

Èkejì: bàbá tó ń ṣọ́ ilé fún yín, kí ni wọ́n ń gbìn sórí ilẹ̀ náà?

Ọmọ_Abà

Ìyàwó mẹ́ta. (Ẹ ti fọwọ́ kan egbò.) Bàbá náà ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Lọ́dún tó kọjá wọ́n ní àwọn fẹ́ gbin ọ̀pẹ díẹ̀ sí etí odò, mo sì ní kò burú.

Ọmọ_Mọ́gàjí

Ó burú o! Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, kí wọ́n máa gbin ín lọ. Ṣùgbọ́n igi tó ń pẹ́ nílẹ̀, ọ̀pẹ, kòkó, obì, ẹni tó bá gbìn ín ti ń fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn bàbá wa fi ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko kòkó lórí ilẹ̀ wọn, bó tiẹ̀ jẹ́ iṣu márùn-ún lọ́dún: kí ọ̀rọ̀ ẹni tó nilẹ̀ má baà dàrú. N ò ní bàbá yẹn ní èrò burúkú o. Àwọn ọmọ wọn ni mò ń rò.

Ẹ rọra bá wọn sọ ọ́. Ẹ gbé ọtí dání.

Ìyá_Oníyọ̀

Mo fẹ́ sọ ti ìjàlọ kẹ́ ẹ tó lọ. Lóru ọjọ́ kan lábà wa, mo gbọ́ tí adìẹ ń ké, mo ní ejò ni. Mo sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó dà bíi pé mo tẹ ẹ̀yinná. Ìjàlọ ti bo ilẹ̀ yàrá, wọ́n ń gun ògiri bí aṣọ dúdú tó ń rìn. Mo fò jáde pẹ̀lú ìró lásán. Ìyá ọkọ mi ti jókòó síta lórí àpótí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Jókòó, àlejò ni wọ́n. Wọ́n á lọ.” Aago mẹ́ta òru ni, a jókòó dìgbà tí ilẹ̀ mọ́. Nígbà tá a wọlé, kò sí aáyán kan, kò sí àkekèé kan, ọmọ eku tó wà lájà ti di egungun. Owó tí mo fẹ́ fi pe àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò, mo fi ra aṣọ.

Àmọ́ adìẹ mẹ́rin lọ sí i. Ẹ má so ẹran mọ́lẹ̀ sílẹ̀ lálẹ́ láìsẹ́ni nílé.

Ọ̀gá_Pákó

Ó kù ọ̀kan. Ẹ má máa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì nígbà tẹ́ ẹ bá wà níbẹ̀. Ayé ti yí padà. Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ yà kí Baálẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní nọ́ńbà Àmọ̀tẹ́kùn àdúgbò lọ́wọ́. Àwòrán lè dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá padà délé.

Ọmọ_Abà (17 oṣù Kẹwàá)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.

A ṣe ìpàdé ẹbí ní oṣù Kẹta. Ọ̀rọ̀ pọ̀, mi ò ní sọ gbogbo ẹ̀. Ìdí-igi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí ìwé. Àbúrò bàbá mi obìnrin, láti ọ̀dọ̀ ìyá kejì, ní òun ò ní fọwọ́ sí i àyàfi tí wọ́n bá fún òun ní yàrá kan, yàrá ìyá òun. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Mo rò pé wọ́n kàn ń dí mi lọ́wọ́ ni.

A ha sìmẹ́ńtì kúrò. Àǹtí Ifẹ̀, òótọ́ lẹ sọ: amọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ tutù, ó ń rùn bí ìdí ìkòkò omi. A po amọ̀, wíbárò mọ́kànlélógún. A tò òkúta sí ẹsẹ̀ ògiri yípo, a la ojú àgbàrá. Àpá ni mo fi ṣe férémù, Bódìjà ni mo ti rà á, mo yí pákó kọ̀ọ̀kan wò títí ẹni tó ń tà á fi bi mí pé ṣé ìyàwó ni mò ń wá. Lápá ìwọ̀-oòrùn, a fi ẹsẹ̀ bàtà méjì kún òrùlé. Ìjì oṣù Kẹrin ṣí páànù méjì lẹ́yìn, àmọ́ apá tuntun ò mira. A fi kún kànga, a kan omi míì, oṣù Kẹta tó ń bọ̀ la máa mọ̀ bóyá tòótọ́ ni. Ti ọ̀pẹ etí odò, mo gbé ọtí lọ. Bàbá mu ún, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti ń retí kí n wá sọ ọ́.

Lẹ́yìn gbogbo òjò ọdún yìí, mo ki ọwọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri yẹn. Ó le.

Ṣùgbọ́n ohun tí n ò rò ni ti àǹtí mi. Wọ́n kó dé ní oṣù Karùn-ún pẹ̀lú ẹní kan, ìkòkò méjì, àti ewúrẹ́. Wọ́n ní àwọn kàn wá sinmi díẹ̀ ni. Wọn ò tíì lọ. Àràárọ̀ ni wọ́n ń dáná sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, èéfín gba àjà jáde, gbogbo ohun tó ń hó nínú òrùlé yẹn tẹ́lẹ̀ dákẹ́. Mo gbé tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, n ò rí ìlà amọ̀ kankan. Wọ́n ti fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ilẹ̀ yàrá wọn fúnra wọn, ìlà ìka wọn hàn níbẹ̀ bí adìrẹ.

Ìṣòro kan ló kù. Mo ra páànẹ́ẹ̀lì, bátìrì àti fáànù bí Ẹlẹ́ńjìnnì ṣe ṣírò ẹ̀. Àǹtí mi ní kí n gbé fáànù padà sí Èkó, ariwo ẹ̀ ò jẹ́ kí àwọn gbọ́ nígbà tí ewúrẹ́ bá ń ké.

Bíríkìlà_Mọ́níyà

Ẹ bá mi kí àǹtí. Ìgbà wo lẹ tún ń lọ? Mo fẹ́ fojú ara mi rí ògiri yẹn.